Bí Nọ́ọ̀sì Ṣe Ń Fún Aláìsàn Lóògùn Láìsí Àṣìṣe, àti Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ Ní Lílò Rẹ̀ Nílé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Abuja àti àwọn ìlú Òkè Ọya, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí nígbà gbogbo: "Sister, kí ni kí n ṣe kí n má baà fún aláìsàn ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀?" Kò ní í pẹ́ tí ìkejì á fi tẹ̀ lé e: "A fún wọn lóògùn lọ sílé, àìsàn kan náà ni wọ́n tún gbé padà wá. Kí ló fà á?" Lójú tèmi, ìbéèrè kan ni méjèèjì. Oògùn tí ẹ fún un ní wọ́ọ̀dù àti èyí tó máa lò nínú yàrá rẹ̀ ní Nyanya tàbí Kubwa, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kan náà ni. Iṣẹ́ yẹn kò tíì parí, àfi ìgbà tí aláìsàn bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ lò, ìgbà tó fẹ́ lò ó, àti ohun tó máa mú un sáré padà wá.

Àwọn ìwọ̀n tí mo kọ síbí, ti àgbàlagbà ni, àyàfi ibi tí mo bá ti dárúkọ ọmọdé. Bí ìlànà ilé ìwòsàn yín bá yàtọ̀, tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan oògùn

1. Ẹ ka ṣáàtì láti òkè dé ìsàlẹ̀: orúkọ aláìsàn, nọ́ńbà káàdì rẹ̀, orúkọ oògùn, ìwọ̀n, ọ̀nà tí a óò gbà fún un, àkókò, àti ìbuwọ́lùwé dókítà. Bí ọ̀kan bá sọnù níbẹ̀, ẹ pe dókítà.

2. Bí ìwé ọwọ́ dókítà kò bá ṣe é kà, ẹ má méfò. Ẹ bi í léèrè, kódà bó jẹ́ aago méjì òru. Ó lè kanra mọ́ yín, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó bá ti wọnú iṣan kò ṣe é fà jáde mọ́.

3. Ẹ ṣọ́ odo àti àmì ìdá. ".5" tí àmì rẹ̀ kò hàn a máa di 5, "5.0" a máa di 50. Ẹ máa kọ 0.5, ẹ máa kọ 5 lásán. Fún insulin, ẹ kọ "units" jáde pátápátá, nítorí lẹ́tà U máa ń jọ odo, 4U á sì di 40.

4. Ẹ mọ ìdí tí a fi kọ oògùn náà fún aláìsàn yìí. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má tíì fún un.

5. Ẹ bi í bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ orúkọ oògùn, nítorí náà ẹ yí ìbéèrè náà padà: "Ṣé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ kan rí, tàbí gbé hóró kan mì, tí ojú yín wú, tàbí tí gbogbo ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín?" Ẹ̀yìn ìbéèrè yìí la ti ń gbọ́ òótọ́ nípa penicillin.

6. Ẹ wọn ohun tó yẹ ní wíwọ̀n: ìfúnpá kí ẹ tó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó fún un ní insulin, ìlù ọkàn kí ẹ tó fún un ní digoxin, oògùn ọkàn. Bí ìlù ọkàn bá dín ní 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dá digoxin dúró, kí ẹ pe dókítà.

Àṣẹ tí dókítà bá pa lórí fóònù, ìgbà pàjáwìrì nìkan la ń gbà á. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kà á padà sí i létí, kí ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó sì wá buwọ́ lù ú tó bá dé.

Orúkọ nìkan kò tó

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀bá Abuja, obìnrin méjì wà ní wọ́ọ̀dù mi tí orúkọ wọn bára mu, tí orúkọ bàbá wọn náà bára mu. Ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru, egbò ẹsẹ̀ ló gbé èkejì wá. Mo dúró lẹ́bàá ibùsùn, mo pe orúkọ, ìyá náà dáhùn pé "na'am." Mo ti na oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí i, ó ti gbà á sọ́wọ́, kí ọmọ rẹ̀ tó bi mí pé ṣé wọ́n ti yí oògùn màmá òun padà ni. Ara mi gbọ̀n rìrì. Ọmọ yẹn ló ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí n ṣe.

Ní Òkè Ọya níbí, ẹ lè bá Musa mẹ́ta àti Fatima mẹ́rin nínú wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. "Na'am" kò sì túmọ̀ sí pé èmi lẹni tí ẹ ń wá. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé mo gbọ́ ohùn yín. Àgbàlagbà tí ibà mú yóò dáhùn orúkọ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà:

- Ẹ má pe orúkọ fún un kí ó kàn gbà. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín?" Bí Hausa ló ń sọ, "Mene ne sunanka?" fún ọkùnrin, "Mene ne sunanki?" fún obìnrin.
- Ẹ fi nọ́ńbà káàdì rẹ̀ wé èyí tó wà lórí ṣáàtì. Nọ́ńbà yìí ni kì í jọra.
- Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, àti ọmọdé: ẹ bi ẹni tó dúró tì í, kí ẹ sì tún wo nọ́ńbà náà.
- Nọ́ńbà ibùsùn kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Àárọ̀ yìí ló wà lẹ́bàá fèrèsé, ọ̀sán ni wọ́n gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà.
- Bí orúkọ méjì bá jọra, ẹ fi báírò pupa sàmì sí ṣáàtì méjèèjì, kí ẹ sì sọ ọ́ létí ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí àyè bá wà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Oògùn tó wá nínú nylon ará ilé

Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìta ni ará ilé ti ń lọ ra oògùn. Dókítà kọ amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, 5 mg, wọ́n gbé 10 mg dé nítorí òun ni kẹ́místì ní lọ́wọ́. Páálí jọra, orúkọ jọra, ìwọ̀n nìkan ló yàtọ̀. Kí ẹ tó gbà á:

- Orúkọ oògùn gan-an ni kí ẹ kà, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ gàdàgbà sójú páálí.
- Ìwọ̀n rẹ̀ ń kọ́?
- Ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti nọ́ńbà NAFDAC. Bí ibi tí a ń họ bá wà lára páálí, ẹ họ ọ́, kí ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀ níbẹ̀.
- Ṣé ìdérí rẹ̀ ṣì wà digbí? Ṣé omi inú rẹ̀ mọ́?

Ẹ má gba oògùn tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri nínú oòrùn. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún ará ilé, torí owó ti jáde lápò rẹ̀, kí ẹ sì darí rẹ̀ sọ́dọ̀ apòògùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la ń ka ara ìgò: nígbà tí a mú un, nígbà tí a fẹ́ fà á sínú síríǹjì, àti kí a tó sọ ìgò nù. Bí iná bá lọ lóru, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kà á. Ẹ má fi àwọ̀ ìgò dá a mọ̀ láéláé.

Ìṣirò tó ń kó wa láyà jẹ

Ẹ fi ìwọ̀n tó wà nínú ìgò pín ìwọ̀n tí dókítà kọ, kí ẹ wá fi iye omi inú ìgò náà sọ ọ́ di púpọ̀. Dókítà kọ gentamicin 60 mg. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín jẹ́ 80 mg nínú 2 ml. 60 ÷ 80 × 2 = 1.5 ml.

Ti dríìpù: 500 ml fún wákàtí 4, pẹ̀lú okùn dríìpù tó ń kán ẹ̀kán 20 fún ml kan. 500 × 20 ÷ 240 jẹ́ nǹkan bí ẹ̀kán 42 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo ara nylon okùn náà kí ẹ tó ṣírò, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ 20.

Bí ìdáhùn yín bá ní kí ẹ fọ́ ìgò márùn-ún fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ dúró. Ó ṣeé ṣe kí ìṣirò ti ṣì. Ẹ fún ẹlòmíì kí ó ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, láìfi tiyín hàn án.

Fún ọmọdé, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹ má fojú wo ọmọ sọ ìwọ̀n rẹ̀. Ohun kan wà tó máa ń bà mí lẹ́rù níbí: paracetamol ọmọdé. Ọmọ tó wọn 10 kg lè lo tó 150 mg lẹ́ẹ̀kan. Olómi tó jẹ́ 120 mg nínú 5 ml, díẹ̀ ju 6 ml lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ jòjòló lẹ́nu lè jẹ́ 100 mg nínú ml kan ṣoṣo, 1.5 ml péré ni ọmọ kan náà nílò nínú rẹ̀. Bí ìyá bá bu ṣíbí 5 ml nínú ìgò kékeré yẹn, 500 mg ló rọ sí ọmọ lẹ́nu, ìyẹn odidi hóró àgbàlagbà kan. Ẹ fún ìyá ní síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́, ẹ fi báírò fa ìlà síbi tí yóò fà á dé, kí ó fà á lójú yín.

Àwọn oògùn tí ojú méjì gbọ́dọ̀ rí

Nọ́ọ̀sì méjì ni kí ó yẹ àwọn wọ̀nyí wò, bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó.

*Potassium chloride.* A kì í gún un sínú iṣan tààrà, ó lè dá ọkàn dúró lójú ẹsẹ̀. Inú dríìpù ni kí ẹ pò ó sí, kí ẹ yí àpò náà sókè sódò léraléra kí ó lè pò dáadáa, kí ó sì máa lọ díẹ̀díẹ̀: kí ó má ju 10 mmol lọ ní wákàtí kan nínú iṣan apá, bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ síbi tí omi tí a fi ń po abẹ́rẹ́ wà.

*Insulin.* Síríǹjì tirẹ̀ nìkan, èyí tó ní ìlà 100 units fún ml kan. Kí oúnjẹ ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó fún un ní èyí tó máa ń tètè ṣiṣẹ́.

*Magnesium sulphate* fún aboyún tí gìrì mú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru gan-an. Kí ẹ tó fún un ní òmíràn, ẹ wo nǹkan mẹ́ta: orúnkún rẹ̀ ṣì ń ta bí ẹ bá lù ú, ó ń mí tó ìgbà 16 ó kéré tán láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti tọ̀ tó 100 ml láàárín wákàtí 4. Bí ọ̀kan bá kùnà, ẹ dá a dúró, ẹ pe dókítà. Calcium gluconate 1 g, tó ń bá magnesium tó bá pọ̀ jù nínú ara jà, gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá ibùsùn yẹn, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti relé.

*Ceftriaxone.* Èyí tí ẹ fi lidocaine, oògùn tó ń mú ibi abẹ́rẹ́ kú, pò, inú ẹran nìkan ni, kò gbọdọ̀ wọnú iṣan. Ọmọ tuntun tó ń gba dríìpù tí calcium wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà á.

*Artesunate* fún ibà líle: 2.4 mg fún kg kan. Fún ọmọ tí kò tó 20 kg, 3 mg fún kg kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn wákàtí 12, lẹ́yìn wákàtí 24. Ẹ lò ó láàárín wákàtí kan tí ẹ pò ó.

Lẹ́bàá ibùsùn

Ẹni tó fà á ni kí ó fún un. Ẹ má gún ẹnikẹ́ni ní ohun tí ẹlòmíì fà kalẹ̀. Ẹ dúró kí ó gbé hóró mì, ẹ má gbé e sórí tábìlì lọ. Ẹ buwọ́ lùwé lẹ́yìn tí ẹ bá ti fún un, kì í ṣe ṣáájú. Bí ó bá kọ̀ ọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ bi í ìdí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sọ fún dókítà.

Bí nǹkan bá yíwọ́

Bí ojú tàbí ètè bá ń wú, tí ó ń mí hẹlẹ, tí ìfúnpá já wálẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́:

1. Ẹ dá oògùn náà dúró, ẹ ké pe ìrànlọ́wọ́.
2. Adrenaline 1:1000, 0.5 ml, sínú ẹran ẹ̀gbẹ́ itan. Òun ló ṣáájú. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ máa wá hydrocortisone àti promethazine kiri. Àwọn yẹn kò lè gba ẹ̀mí là ní ìṣẹ́jú yẹn.
3. Ẹ dá a dùbúlẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga. Bí kò bá lè mí, ẹ jẹ́ kí ó jókòó.
4. Ẹ fún un ní oxygen àti dríìpù. Bí kò bá sàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ tún adrenaline náà fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ fọ́ọ̀mù aláwọ̀ yẹ́lò ti NAFDAC, kí ẹ sì kọ orúkọ oògùn náà gàdàgbà sójú káàdì aláìsàn.

Bó bá ṣe pé ẹ̀yin lẹ ṣe àṣìṣe ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ yẹ aláìsàn wò. Ẹ sọ fún dókítà àti ọ̀gá wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo mọ bí ẹ̀rù ṣe ń ba ènìyàn. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí a sọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣì ní ìtọ́jú.

Kíkọ́ aláìsàn kí ó tó relé

Ibí yìí la ti ń kùnà jù. Ará ilé ti di ẹrù, ọlọ́kọ̀ ń fọn fèrè níta, a wá na nylon sí wọn pé "ẹ lò ó bí a ṣe kọ ọ́." Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì ìwọlé rẹ̀, ìgbàkígbà tí ẹ bá fún un lóògùn, ẹ fi gbólóhùn kan kọ́ ọ.

1. Ẹ jókòó. Ẹ pe ẹni tó máa fún un lóògùn nílé mọ́ ọn. Bí ọkọ bá ń gba ẹnu aya rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ fetí sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì tún jẹ́ kí aya náà sọ tirẹ̀, torí òun ló máa gbé e mì. Ẹ má fi ọmọ kékeré ṣe ògbufọ̀ fún àìsàn àṣírí.

2. Ẹ bi í ohun mìíràn tó ń lò: àgbo, oògùn ìrora láti kẹ́místì, tramadol. Ẹ má bú u. Bí ẹ bá bá a wí lónìí, yóò fi pamọ́ fún yín lọ́la.

3. Ẹ sọ nǹkan márùn-ún nípa oògùn kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, iye hóró, àkókò, àti ọjọ́ tí yóò parí.

4. Ẹ tú "1×3" (hóró kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́) sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo ti rí ẹni tó ń gbé mẹ́ta mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí nọ́ńbà yẹn. Ẹ ya oòrùn tó ń yọ, oòrùn àtàrí àti òṣùpá sára àpò oògùn, kí ẹ fa ìlà kan sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún hóró kan. Ní Hausa: "sau biyu a rana" ni ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, "kafin abinci" ni kí ó tó jẹun, "bayan abinci" ni lẹ́yìn oúnjẹ.

5. Ẹ má bi í pé "ṣé ó yé yín?" Gbogbo ènìyàn ló máa ń sọ pé ó yé àwọn. Ẹ wí pé: "Baba, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, báwo lẹ ṣe máa lò ó?" Ibi tó bá ti ṣì í sọ, ẹ tún un ṣe, kí ó tún un sọ.

Ohun tí wọ́n ń ṣì lò jù ní àdúgbò wa

*Oògùn ibà àti fura da nono.* Artemether-lumefantrine fẹ́ràn ọ̀rá, nítorí náà wàrà àti fura da nono dára fún un. Ciprofloxacin àti doxycycline, àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, kò bá wàrà ṣe rárá, wàrà ń dí wọn lọ́wọ́ láti wọ ara. Kí wọ́n lò wọ́n ní wákàtí méjì, ó kéré tán, kí wọ́n tó mu wàrà. Aláìsàn kan lè gbé méjèèjì dání, nítorí náà ẹ fi ìka tọ́ èyí tí ẹ ń sọ.

Ti oògùn ibà yìí náà: ìlò kejì jẹ́ wákàtí 8 lẹ́yìn àkọ́kọ́. Ẹni tó lo àkọ́kọ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago méjìlá òru ni kí ó lo èkejì, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni yóò wá di àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ méjì sí i. Ẹ wo ara páálí: hóró 4 ni ìlò kan bí ó bá jẹ́ 20/120 (mg oògùn méjèèjì tó wà nínú hóró kan), hóró 1 péré bí ó bá jẹ́ 80/480.

*Ààwẹ̀ Ramadan.* Ẹ béèrè kí oṣù tó dé. Ẹni tó ń lo insulin tàbí glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ, gbọ́dọ̀ rí dókítà ṣáájú, kí wọ́n tún ìwọ̀n àti àkókò tò sí sààrì àti ìṣínu. Kí ó má dá a tò fúnra rẹ̀. Bí ṣúgà rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju 70 mg/dl, tàbí ó kọjá 300, kí ó ṣínu lójú ẹsẹ̀. Kí ó mọ àmì rẹ̀: òógùn, ọwọ́ gbígbọ̀n, òòyì. Ẹ sọ fún un pé wíwọn ṣúgà ní ìka kò ba ààwẹ̀ jẹ́; tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó bi ìmáàmù rẹ̀.

*Insulin nígbà tí kò sí iná.* Ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin níbí kì í ṣe kékeré. Ìgò tí ó ti ń lò kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 28. Bí kò bá sí fíríìjì, kí ó gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, kí ó da iyanrìn sáàárín wọn, kí ó máa bu omi sí iyanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ó fi aṣọ tútù bò ó. Olùkọ́ kan láti Jigawa, Mohammed Bah Abba, ló sọ ìkòkò yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa, agbára rẹ̀ máa ń dín kù nígbà òjò. Kí ó fi nylon wé ìgò kí omi má kàn án. Àwọn tó ní fíríìjì, kí wọ́n má gbé e sínú fírísà: insulin tó bá ti di yìnyín ti bàjẹ́.

*"Ara mi ti yá."* Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, nítorí náà wọ́n máa ń dá oògùn rẹ̀ dúró. Ẹ fi ìfúnpá rẹ̀ hàn án lójú ẹ̀rọ nígbà tó dé àti ní òní, kí ó rí i pé oògùn ló ń dì í mú.

*Ohun tó máa dẹ́rù bà á.* Ẹ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, máa ń mú kí ìtọ̀ pupa bí ọsàn, oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin máa ń mú kí ìgbẹ́ dúdú. Ikọ́ gbígbẹ tí lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ń fà, kí ó wá sọ ọ́, kí ó má kàn dá a dúró.

Kí nylon tó kúrò lọ́wọ́ yín

- Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí yóò ṣe lò ó.
- Àwòrán oòrùn àti òṣùpá wà lára àpò kọ̀ọ̀kan.
- Ó mọ ohun tó máa mú un sáré padà: ojú wíwú, èémí líle, èébì tí kò dáwọ́ dúró, dídákú.
- Ó mọ ibi tí yóò gbé oògùn sí tí ọwọ́ ọmọdé kò ní í tó o.
- Ó mọ ọjọ́ tí yóò padà wá.

Ní ọjọ́ tí ó bá padà wá, kí ó gbé nylon náà dání pẹ̀lú gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Ẹ da hóró náà sórí àwo, kí ẹ jọ kà wọ́n. Bí ó bá kù ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má bínú. Ẹ bi í ọjọ́ wo ló fo, kí ẹ tún oòrùn àti òṣùpá yà sára àpò tuntun.